Ojú Karùn-ún Lórí Tẹlifíṣọ̀n Àfúsá

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Àfúsá aláró kórìíra àna rẹ̀. Kò kórìíra rẹ̀ rárá. Owú ló ń jẹ ẹ́, owú tó ń jó lábẹ́lẹ̀ bí iná inú eérú.

Ìjemọ̀ ni Àfúsá ń gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ náà ló ti ń rẹ adìrẹ tó ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Waheed. Waheed lọ fẹ́ Miriam, ọmọ Màmá Hephzibah, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Adìgbẹ. Ìbàdàn ni tọkọtìyàwó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì bí ọmọ méjì, Látífàt àti Kọ́ládé. Lọ́dọọdún, tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti dé, àwọn ọmọ náà á wá sí Abẹ́òkúta. Wọ́n á sùn díẹ̀ ní Ìjemọ̀, bí ẹni wá kí aláìsàn, wọ́n á palẹ̀ mọ́, ó di Adìgbẹ, ó di ìgbà tí iléèwé bá wọlé. Kí ló wà ní Adìgbẹ? Tẹlifíṣọ̀n tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ni, tí eré ọmọdé kì í tán nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àna kì í bá àna jà. Tí Àfúsá àti Màmá Hephzibah bá pàdé, ṣe ni wọ́n máa ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ wa o, àna mi àtàtà."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ kú u, àna mi. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ."

Tí Àfúsá bá délé lẹ́yìn irú ìkíni bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀dọ̀ òun ni àwọn ọmọ máa lo ìsinmi yìí tán. Ó gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù Gbémiga tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Òkè-Ìlẹ̀wó.

"Ìyá, irú èwo lẹ fẹ́?" Gbémiga bi í. "Èyí tí ẹ ní nílé ṣì lè ṣe é. Nǹkan kékeré kan wà bí ìka báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń kì í bọ̀, á sì máa gbé eré wá. Òmíràn wà tó jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ṣé fóònù lẹ fẹ́ máa fi fa íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni, àbí kí n fi àpótí tó ń fà á kún un?"

"Èwo ni wọ́n ń lò ní Adìgbẹ?"

"Ta ni ní Adìgbẹ, Ìyá?"

"Èyí tó bá ṣáà ti ju tiwọn lọ ni kí o gbé fún mi."

Gbémiga rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. Tẹlifíṣọ̀n tó gbé wá fẹ̀ débi pé àga kan ní láti kúrò ní pálọ̀ kó tó rí ibi dúró.

Nígbà tí Waheed kó àwọn ọmọ dé, Kọ́ládé kígbe pé, "Ìyá Aláró, tiyín ju ti Màmá Adìgbẹ lọ!" Orí Àfúsá wú. Waheed tẹ nọ́ńbà tí ẹbí rẹ̀ fi ń wọ ibi tí eré wà, àwòrán ojú márùn-ún sì tò sórí tẹlifíṣọ̀n.

"Àwọn ojú wo nìyí?"

"Màámi, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti ń mọ ẹni tó ń wò ó, tó sì ń rántí ibi tónítọ̀hún wò dé, nílé yòówù kó ti wò ó."

Ó wá kà wọ́n fún un: Waheed, Miriam, Látífàt, Kọ́ládé. Ẹ̀karùn-ún wọ awò ojú. Màmá Adìgbẹ ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

"Tèmi dà?"

Waheed họ orí. "Márùn-ún péré ni wọ́n fún wa, Màámi. Ẹ máa fi tèmi wò ó."

Àfúsá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì kọjá eyín. Òun tó bí Waheed, tó fi owó aró rán an níwèé, tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú ilé òun kò mọ òun! Ó mọ ará Adìgbẹ! Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé egungun.

Àwọn ọmọ wo eré fún bí ọjọ́ mélòó kan, ó sì sú wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wá ń wà látàárọ̀, tí wọ́n ń ta kókó sára àwọn àkísà funfun, tí wọ́n ń rì wọ́n sínú ìkòkò aró kékeré tí ìyá wọn àgbà yà sọ́tọ̀ fún wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n wà níbẹ̀, Àfúsá nìkan wọ pálọ̀, ó mú rìmóòtù. Ó fẹ́ pa ojú karùn-ún yẹn rẹ́ ni.

Àmọ́ kò mọ bọ́tìnnì tó yẹ. Èyí tó tẹ̀ ṣí ojú náà sílẹ̀ ni. Ó rò pé ìwàásù àti ìròyìn òyìnbó lòun máa bá níbẹ̀. Ewúrẹ́ kékeré kan tó ń lọ síléèwé ló rí, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Eré ọmọdé ni, wọ́n sì wò ó dé ìdajì.

Ó yọjú lójú fèrèsé. "Látífàt! Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wo ewúrẹ́ yìí lójú Màmá Adìgbẹ?"

"Rárá o, Ìyá. Èṣí làwa àti Màmá jọ wò ó. A ò wò ó mọ́, eré àwọn ọmọ kékeré ni."

Inú Àfúsá kọ́kọ́ dùn. Odidi ọ̀gá iléèwé ló jókòó ti ewúrẹ́! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló rántí bàtà rọ́bà kan tí Kọ́ládé gbàgbé sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá òun léṣìí. Bàtà náà ò tóbi tó ọmọ náà mọ́, síbẹ̀ òun máa ń gbálẹ̀ yí i ká ni. Ó jókòó, ó sì ń bá ewúrẹ́ náà lọ níbi tí àna rẹ̀ dé.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Màmá Hephzibah ni. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n kí ilé, wọ́n kí òjò.

"Ẹ dákun, àna mi," ni Màmá wá wí, "ta ló ń wo ewúrẹ́ mi? Ibi tó ti sọ bàtà rẹ̀ nù ni mo dúró sí lánàá. Mo tan án báyìí, ó ti rí bàtà."

Irọ́ ló kọ́kọ́ sá jáde lẹ́nu Àfúsá. "Àwọn ọmọ ni, àna mi."

Ohùn Màmá Hephzibah yí padà. "Ojú tèmi ni wọ́n wọ̀? Wọ́n ń rántí mi, àbí?"

Òtítọ́ wà lórí ahọ́n Àfúsá. Àwọn ọmọ náà kò béèrè Màmá Adìgbẹ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá sọ ọ́, òun ló borí nìyẹn. Ó gbé e mì, ó korò bí ewúro.

"Wọ́n ń rántí yín dáadáa," ó ní. "Ẹ wá wò ó níbí lọ́la. Tiwa fẹ̀ ju tiyín lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Hephzibah dé nínú bùbá funfun. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ ti sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì dì mọ́ ọn tọwọ́ tọwọ́, pẹ̀lú aró tútù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, àna mi!" Àfúsá kígbe. "Ẹ bọ́ ọ kíákíá, ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ."

Màmá Hephzibah di bùbá rẹ̀ mú. "Ẹ má fọ̀ ọ́."

Àfúsá rí àmì ọwọ́ kéékèèké mẹ́rin lẹ́yìn bùbá àna rẹ̀, tí wọ́n ń dúdú bọ̀. Aṣọ aró kún ilé òun dé àjà, kò sì sí ọ̀kan tí ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí wà lára rẹ̀. Owú náà tún gbérí. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé bùbá funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ̀ wọ̀, ó sì jáde.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ ti ọwọ́ bọ aró, kí ẹ wá dì mọ́ èmi náà. Kí ó le ju tàkọ́kọ́ lọ."