Màmá Fi Ègùn Bi Mí Ní Ìdáhùn

Ìyá mi fẹ́ jíwèé wò lójú mi lónìí.

Mo mú un láti Gbaji lọ ṣàyẹ̀wò ọpọlọ ní ọsibítù, torí ó ti ń gbàgbé ìkòkò sórí iná. Arábìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un, ó ní òun máa padà béèrè wọn. Ó ní kó ya aago, kó ka oṣù láti Disẹ́ńbà padà sẹ́yìn. Màmá ṣe é dáadáa.

Nígbà tó wá béèrè àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, Màmá rántí méjì. Ó yíjú sí mi, ó fi Ègùn, èdè ilé wa, ní, "Kí ló kù?"

Mo wolẹ̀.

Arábìnrin náà ní, "Mi ò gbọ́ Ègùn, Màmá, àmọ́ mo mọ ohun tí ẹ bi í."

"Tí mi ò bá yege, wọn ò ní jẹ́ kí n dá gbé ilé mi mọ́."

"Kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi níbí. Ibi tó ń nira fún yín ni mo fẹ́ mọ̀, ká lè ràn yín lọ́wọ́."

Ó ní kí n jáde. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gba èsì.

Ìgbà tá a délé ni Màmá ní, "O mọ̀ ọ́n, o ò sì sọ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú òbí lọ ṣe irú àyẹ̀wò yìí rí, ṣé ẹ̀yin ì bá sọ ọ́ fún un?