Káfítáànì Ìyá Rashidat

Gbogbo àdúgbò Badarawa ló mọ ìtàn káfítáànì Iléyá, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Àlàájì Rájí dé yídì nínú aṣọ tuntun tí Ìyá Rashidat, ìyàwó rẹ̀, fúnra rẹ̀ rán nílé. Ó dúró ṣánṣán bí òpó iná, torí aṣọ náà ò fún un láyè àtimí. Nígbà tí wọ́n tẹ̀, aṣọ kérora. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, ó ya fààààà, láti ọrùn dé ìdí! Àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa ti gbé ẹrù lérí: wọ́n rò pé ọkọ̀ ti dé ni.

Ọ̀nà tí Ìyá Rashidat olóògbé ń gbà wọn aṣọ ló fa gbogbo rẹ̀. Látìgbà tó ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti búra pé aṣọ ọkọ òun ò ní dé ọ̀dọ̀ télọ̀ mọ́. Téèpù wà nílé o. Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ló fi ń so. "Àlàájì, ẹ dùbúlẹ̀." Ọkọ á na gbalaja sórí aṣọ, ìyàwó á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, á sì gé e. Mahmud, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀ọ́kán, yọjú lójú fèrèsé, ó dorí mú, ó ní kó fi téèpù wọn ọkọ rẹ̀.

"Mama, ki auna shi mana! Baba ba takarda ba ne!"

"Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe bébà. Ọkọ mi ni. Kò síbi tí mi ò mọ̀ lára ẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àfi ikùn tó yọ sókè bí òkè. Ṣọ́ọ̀kì kì í sì í wọn òkè.

Ìyá Rashidat gba ẹ̀bi, ó ní òun á fi àyè sílẹ̀. Àyè ọ̀hún wá pọ̀! Ọjọ́ tí Àlàájì wọ ìkejì jáde, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kó sí i nínú, àwọn ọmọ fi í pe àtíbàbà, wọ́n ń pariwo, "Rumfa! Rumfa!" Kó tó rìn dé títì, obìnrin oníkòsé kan ti gbé àdògán rẹ̀ sábẹ́ òjìji rẹ̀.

Ẹ̀rín àdúgbò kọ́ ló dun Ìyá Rashidat. Ohun tó dùn ún ni pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ òun á wọ aṣọ òun jáde, á yà sí ṣọ́ọ̀bù Mahmud, á bọ́ ọ, á wọ òmíràn lọ sí mọ́sáláṣí. Ó ń wò ó láti ẹnu géètì. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí máa kọjá ṣọ́ọ̀bù yẹn láìyà ló ń wá.

Ló bá mú aṣọ Àlàájì tó dára jù, èyí tí Mahmud rán, ó tú u palẹ̀. Àlàájì wọlé, ó bá apá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bá ọrùn lórí àga.

"Ìyá Rashidat! Ta ló pa aṣọ mi?"

"Ẹnì kan ò pa á. Mò ń kà á ni. Ẹ wo àyè tí Mahmud fi sílẹ̀ lábẹ́ apá!"

"Kí lo wá fẹ́ kí n wọ̀ lọ sípàdé?"

"Ẹ ṣe sùúrù, mi ò tíì kà dé ibi àpò."

Lẹ́yìn èyí ló tú téèpù kúrò lára ìlẹ̀kùn. Ó fi yí ikùn Àlàájì ká. Kó tó gbé aṣọ sórí ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ há a mọ́ra fúngbà díẹ̀. Tó bá wọ́, á tú u. Ó tú u, ó tún tú u, títí abẹ́rẹ́ fi ń bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó di Jímọ̀ kan, Àlàájì jáde nínú káfítáànì aláwọ̀ aró. Ìyá Rashidat di géètì mú. Mahmud ti gbé aṣọ ìpààrọ̀ síta, ó ní kó wọlé wá wọ̀ ọ́.

"Baba, shigo ka canza mana!"

"In canza me? Ṣé o ò rí aṣọ lọ́rùn mi ni?" Àlàájì ju èjìká, ó kọjá.

"Alhamdulillahi!" Igbe tí Ìyá Rashidat ké ga débi pé ládàánì rò pé ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Rashidat kú. Káfítáànì funfun kan wà lórí ẹ̀rọ. Ó ti parí tán, àfi etí apá òsì tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣì há. Aṣọ yẹn ni Àlàájì ń wọ̀ lọ kí Jímọ̀ báyìí. Mahmud rí òwú tó ń já bọ̀ létí apá, ó na ọwọ́ pé òun á bá a rán an.

"Baba, kawo in ɗinke maka."

Àlàájì rọra fi ìka ti òwú náà sínú. "Bar shi, Mahmud. Ìyá Rashidat ní tó bá di ọ̀la, òun á rán an."

Ó sì ń lọ jẹ́jẹ́, ó gbé apá òsì sókè díẹ̀, kí òwú má baà já.