Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Òsì Agbádá

Ẹ wá wo ọ̀gá wa tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ẹni tó ń pè wá ní ọwọ́ lásán! Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ẹ jẹ́ n tò ó fún ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kété lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni. Àwa mẹ́fà là ń fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ọnà sára agbádá ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íkòtún. Ọ̀gá ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dá ọnà rán, ó ní ká máa lọ.

"Kọ̀ǹpútà kì í jẹun, kì í ṣàìsàn."

"Ọ̀gá, ẹ rọra o," mo ní. "Tíṣà wa nílé-ẹ̀kọ́ sọ pé inú iṣẹ́ aṣọ híhun ni ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ti wá. Páálí oníhò ni òyìnbó fi ń darí òfì láyé ọjọ́un. Ibi tí ihò bá wà, òwú á gbéra; ibi tí kò sí, á dúró. Ọmọ ahunṣọ ni nǹkan yín yẹn!"

"Ẹ lọ hun ún nílé yín jàre."

Ìyá Sikírá, àgbà wa, ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A jókòó tì í, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Bàbá onítáì kan tí ọ̀gá gbà kó máa darí ẹ̀rọ ń wò wá bí ìdọ̀tí.

Ta ni ò mọ̀ pé àyà òsì ni àpò agbádá àti ọnà ẹ̀ máa ń wà? Onítáì fi í sí òsì ojú kọ̀ǹpútà. Òsì tiẹ̀, ọ̀tún ẹni tó máa wọ̀ ọ́! Ogún agbádá tí olóyè kan ní kí wọ́n rán fún oyè ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló yí sódì. Olóyè wọ ọ̀kan, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yarí.

"Ṣé ọwọ́ òsì lẹ fẹ́ kí n máa fi nawọ́ nǹkan sí àgbà níbi oyè mi?"

Kọ̀ǹpútà mọ ọnà í rán, kò mọ̀ ọ́n tú. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Sikírá. A ní àfi kó gbà wá padà, kó sì kọ́ wa ní ẹ̀rọ náà. Ó búra. A fi abẹ tú u, a tún un ṣe lọ́jọ́ méjì.

Bá a ṣe parí ẹ, aláìnítìjú ní àwa márùn-ún lòun gbà, pé ojú Ìyá Sikírá ò lè ríran nínú kọ̀ǹpútà. A jẹ́ kí Ìyá Sikírá nìkan di ẹrù lọ sílé. Gbèsè tá a jẹ wọ́n nìyẹn.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, mo ru àga kan láti ilé mi ní Ẹ̀gàn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gá wọlé.

"Àga ta nìyí?"

"Ti Ìyá Sikírá ni, sà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà. Títí wọ́n á fi jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní tan ẹ̀rọ yìí."