Títíladé àti Ọkùnrin Tó Ti Ìgbà Àtijọ́ Dé

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń jẹ dátà jù ní Ajíbọ́dẹ, ẹ má wulẹ̀ yọ àwọn ọmọ yunifásítì lẹ́nu. Ẹ kọjá sí ilé Títíladé, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá onílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Ní báyìí tí kò sí ẹni tó lè na òun náà, fíìmù Kòríà ló ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí fóònù á gbóná bí áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo fíìmù Kòríà ló ń wò. Èyí tí wọ́n ti ń du ogún, ó ní irú rẹ̀ kún àdúgbò. Èyí tí dókítà ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, ó ní òun ò lókun ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ọkùnrin ti máa ń ti ayé àtijọ́ wá sí ayé òde òní nítorí obìnrin kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Humairah, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi ọ̀kan hàn án lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Ọmọ náà rò pé òun ń ṣàánú ìyá àgbà. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìyá àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí, pé níbo ni ìyókù wà.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ọ̀gágun kan tí àwọn ọ̀tá lé, tó bẹ́ sínú kànga láyé àwọn ọba àtijọ́, tó sì jáde ní ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan tó ń gba aṣọ fọ̀ ní olú ìlú Kòríà lónìí. Irun rẹ̀ kò tilẹ̀ tutù. Ọkùnrin tó ti bá odindi ọmọ ogun jà, tó rìn nínú ẹrẹ̀, tó gba inú kànga kọjá, kò rùn, ehín kò dùn ún, kò sì bèèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti mọ ńdómìì sè, ó sì ti ń bá obìnrin náà ká aṣọ oníbàárà. Títíladé, tó máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ irọ́ nínú àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, kò rí ohun kan fa ìlà sí. Ẹkún ló máa ń sun. Bí omijé bá sì ti bo awò ojú rẹ̀, kò ní rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀, á tún dá a padà sẹ́yìn, dátà á sì tún lọ.

Bí Humairah bá bi í léèrè ohun tó rí nínú rẹ̀, á ní ẹ̀kọ́ ìtàn ni òun ń fi kọ́. Irọ́ ni. Ohun tó rí nínú rẹ̀ ni Múyì.

Múyì ọmọ Ìrókò ni. Òun àti Títíladé jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n jọ gbà pé àwọn á fẹ́ ara àwọn, ó kù kí àwọn òbí gbọ́. Bàbá Títíladé, tó jẹ́ kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìrókò nígbà náà, gbọ́. Ó ní irun orí ọmọ yẹn ti pọ̀ jù, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ náà sì ti pọ̀ jù. Ọlọ́runyọmí, akọ̀wé kan tó wá láti Lálùpọn, ni bàbá fẹ́ kó fẹ́. Ọmọ kátíkíìsì kì í sọ pé rárá láyé ìgbà yẹn, Títíladé sì fẹ́ Ọlọ́runyọmí.

Kí n má parọ́ mọ́ òkú, Ọlọ́runyọmí kò lù ú rí, kò fi ebi pa á, kò mutí, kò kó obìnrin jọ. Aláìlárinrin ni. Kì í sọ̀rọ̀ ju ohun tí wọ́n bá bi í lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tó ti kú, jẹ́jẹ́, láìda ẹnikẹ́ni láàmú, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Títíladé sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ kí olùkọ́ àgbà ṣọ̀fọ̀, pẹ̀lú aṣọ dúdú àti ẹkún tó mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá ń jókòó tì fóònù, tó ń rò ó pé bí òun náà bá lè rí kànga kan bọ́ sí, ọdún tí òun jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun á lọ, òun á sì wo ojú bàbá òun, òun á sọ pé rárá. Oògùn tí fíìmù yẹn ń tà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irun ọ̀gágun tàn yín. Ó ń sọ fún ènìyàn pé ó lè gbé ọgbọ́n àgbà rẹ̀ padà lọ sínú ara ọmọdé, kó lọ tún ibi tó ti bàjẹ́ ṣe.

Múyì sì dé lóòótọ́. Kò ti inú kànga jáde, ọ̀kadà ló gbé e wá nínú òjò, tó ń wá yàrá fún ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Òun ní tirẹ̀ tutù dé awọ. Irun tó pọ̀ jù lójú kátíkíìsì ti lọ tán, ó ku díẹ̀ lókè etí méjèèjì.

"Títí?" ni ọkùnrin náà wí.

Títíladé di géètì mú. Ó ní, "Múyì, ìwọ rèé?"

Humairah, tó ń yọjú lójú fèrèsé, ké, "Mọ́mì, ó ti dé o!" Ó ti wo fíìmù náà ju ìyá onílé lọ.

Ìyàwó Múyì ti kú sí Kàdúná, Múyì sì ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìrókò láti máa dáko. Ọmọ ọmọ gba yàrá, bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá onílé ni àbẹ̀wò náà sì máa ń parí sí. Ó ń gbé iṣu wá, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń pa Títíladé lẹ́rìn-ín títí tí yóò fi di ìhà mú. Olùkọ́ àgbà di irun ṣùkú, ó ra àtíkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nílé ìdáná. Nígbà tí Múyì sọ pé kí àwọn fẹ́ ara àwọn, àwọn ọmọ Títíladé tó wà lókè òkun ní kó ṣe bó bá ṣe wù ú. Ó wù ú gan-an. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé Múyì ní kó wá sí ìrántí ìyá òun ní Ìrókò kí àwọn ẹbí fojú rí i. Bí wọ́n bá ti ń ti ibẹ̀ bọ̀, wọ́n á mú ọjọ́.

Títíladé rò pé fíìmù tòun ti dé apá ìkẹyìn. Ohun tó gbàgbé ni pé ilé Yorùbá ni òun ń lọ. Àwọn ará Kòríà ní láti wá kànga, àrá àti òṣùpá kíkún kí wọ́n tó lè dá ènìyàn padà sí ọmọdé. Àwa ò nílò gbogbo wàhálà yẹn. Ọjọ́ tí obìnrin bá wọlé ọkọ ni ọjọ́ orí rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà. Ẹni tó bá ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ni ìyálé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i. Títíladé mọ èyí, àbí ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá wà nínú ìfẹ́ kì í ka ara rẹ̀ mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Léèsì rẹ̀ ń dán, wọ́n fún un ní àga, wọ́n bu oúnjẹ fún un, gbogbo ilé ń pè é ní "ìyàwó wa". Ó jẹun tán, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, ìgbà náà ni obìnrin kékeré kan wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ rántí mi? Ẹ kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin níbí."

"Ayọ̀mikún! Ìwọ tí o máa ń pariwo yẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn nígbà náà." Ayọ̀mikún ń rẹ́rìn-ín, kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló fẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé, èmi ni ìyàwó ìkẹyìn nílé yìí, ẹnikẹ́ni ò wọlé tẹ̀lé mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbàdúrà. Ọlọ́run wá gbọ́ o."

"Àdúrà kí ni?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ dákun, ìyàwó mi, àwọn ìkòkò ti wà lẹ́yìnkùlé."

Ìyàwó àgbà ilé náà ti ń mú ìró àlòkù kan bọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bọ́ léèsì ẹ̀ o, kí èédú má bà á jẹ́." Inú gbogbo wọn dùn. Ẹ̀bùn ni wọ́n rò pé àwọn ń fún un, wọ́n ti kà á mọ́ ara wọn.

Títíladé wo ọ̀dọ̀ Múyì, tó jókòó pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Kò retí kó gun ẹṣin. Kò retí kó yọ idà sí ẹnikẹ́ni. Kó dìde lásán ni, kó sọ ọ̀rọ̀ kan. Múyì rí i, ó sì gbé ọwọ́ tó fi mú eegun ẹran sókè.

"Títí, bá wọn fọ̀ ọ́ díẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ wo ìwà ẹ ni." Ó sì padà sídìí eegun rẹ̀.

Báyìí ni olùkọ́ àgbà Títíladé ṣe di ọmọdé padà. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, kànìnkànìn lọ́wọ́ ọ̀tún, eérú lọ́wọ́ òsì, orúnkún rẹ̀ ń ké, Ayọ̀mikún dúró tì í, ó ń fi ibi tí èédú kù sí hàn án tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìdí ẹ̀ náà, mà." Bí ó ti gbé ìkòkò ìrẹsì tó tóbi jù sílẹ̀ láti ha ìdí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Irú ìkòkò yìí náà ni ní Lálùpọn, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ nínú ilé náà, òun ni ìyàwó ìkẹyìn, wọ́n kó ìkòkò tì í. Ọlọ́runyọmí, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ti pálọ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká apá aṣọ, ó fa àpótí, ó sì mú èyí tó tóbi jù. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó ti fi nǹkan sí i lóbẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá wá wò ó, ó mi orí, ó wọlé. Ojú sì ti Títíladé débi pé ó ń fi eyín sọ̀rọ̀. "Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ ń dójú tì mí." Kò dìde. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé tiwọn, ó bá a jà, ó ní kì í ṣe ọkùnrin. Èsì tí Ọlọ́runyọmí fún un kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Ìkòkò yẹn ti pọ̀ jù fún ẹnì kan."

Ní gbogbo ìnáwó tó tẹ̀ lé e ló sì tún jáde wá bá a fọ ìkòkò, títí tí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ fi gbé ìyàwó wọlé. Gbogbo ìgbà náà ni Títíladé sì ń torí rẹ̀ bá a yan odì.

Ó fọ àwọn ìkòkò náà tán, ó kí gbogbo ilé, wọ́n súre fún un. Múyì ń fi mọ́tò àbúrò rẹ̀ gbé e padà sí Ajíbọ́dẹ, ó ń fọn fèrè lẹ́nu.

"O ṣe dáadáa. Gbogbo wọn ló ń yìn ẹ́. Oṣù wo ká mú?"

"Mi ò ṣe mọ́, Múyì."

Múyì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ó ya mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Kí ni mo ṣe? Má sọ fún mi pé torí ìkòkò ni. Títí, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Torí ìkòkò?"

"Torí ìkòkò ni."

"Ta ni ọkùnrin tó ń fọ ìkòkò lójú gbogbo ẹbí ẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni Múyì bèèrè, kò sì mọ̀. Ẹni náà kò ti ayé àtijọ́ rìn wá. Láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé ló rìn, gbogbo ilé sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi débẹ̀. Títíladé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, èédú tó kù ní èékánná rẹ̀ sì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹkún tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìrókò kì í ṣe èyí tó mọ níwọ̀n. Ó sun ún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, Múyì ń wò ó, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Ọlọ́runyọmí ni," ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí."