Mo Gbọ́ Ohùn Rẹ̀ Lápá Òsì

Mo rántí ìgbà tí eruku ọyẹ́ máa ń bo bọ́ọ̀lù wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja. Pápá básíkẹ́ẹ̀tì tí a ń lò wà ní Old GRA, lábẹ́ àwọn igi dóńgóyárò tí ewé wọn kì í tán lórí sìmẹ́ǹtì, bí a tilẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni. Ilé wa wà ní Bulumkutu, àdúgbò kan nínú ìlú òkè ọya yẹn, níbi tí bàbá mi ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá, a ó sì parí kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gàríbì, nítorí kò sí ìyá kan tí mo mọ̀ nígbà náà tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ òun níta.

Èmi ni pọ́íǹtì gáàdì ẹgbẹ́ wa, ìyẹn ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó sì ń pín in fún àwọn tó kù. Mi ò ga, mi ò sì yára ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ohun tí mo ní ni pé ọkàn mi kì í tètè dàrú, tàbí kí n kúkú sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Kóòṣì wa, ará Kanuri kan, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì tóóró sílẹ̀, á ní kí n gbé bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá, á sì tú ẹni méjì sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ọwọ́ tó jìnnà sí alátakò ni kí n fi máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kí ara mi wà láàárín bí ògiri. Ó ní bí ẹni méjì bá ń bọ̀ wá ká mi mọ́, kí n má sá lọ sí etí pápá, torí ìlà etí pápá ni ẹni kẹta wọn. Ṣe ni kí n fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, kí n gbé ojú sókè, kí n sì ju bọ́ọ̀lù kí ẹnì kejì tó dé.

“Bí ẹni méjì bá wà lọ́rùn rẹ,” ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Hausa, láìgbé ohùn sókè, “wọ́n ti fi ẹnì kan sílẹ̀ níbìkan. Wá ẹni yẹn rí.”

Ìṣirò yìí dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n jẹ́ márùn-ún, méjì wà lọ́dọ̀ mi, ó ku mẹ́ta, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kù sì jẹ́ mẹ́rin. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣófo. Ìdí rèé tí kóòṣì fi ní òfin kan tí kì í tẹ̀: ẹni tó bá ṣófo gbọ́dọ̀ pè. Bí kò bá pè, tí bọ́ọ̀lù sì bọ́ sọ́wọ́ alátakò, òun ló jẹ̀bi. Bí ó bá pè, tí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù kò sì fún un, ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ló jẹ̀bi. Ẹni tó bá sì jẹ̀bi, orí bẹ́ǹṣì ló ń lọ.

Ẹni tó máa ń dúró lápá òsì wa jẹ́ ọmọ àdúgbò Gwange, ó sì tó ọdún mẹ́ta tó fi jù mí lọ. Ọnà ara fìlà ni iṣẹ́ ilé wọn. Abẹ́rẹ́ ti kọ́ ìka rẹ̀ ní sùúrù, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀ tó já bọ́. Ó ti jáde ilé ìwé girama tipẹ́, kò sì rí ọ̀nà láti kàwé síwájú mọ́. Nígbà tí a gbọ́ pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Abuja wá wo ìdíje tí a fẹ́ ṣe, pé yóò mú ẹni méjì lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ ìjọba kan, níbi tí wọ́n ti ń fún agbábọ́ọ̀lù níṣẹ́ gidi, òun ló kọ́kọ́ dé pápá lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún mi pé ọdún tó ń bọ̀ òun yóò ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń gbà lọ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe àwàdà.

Ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ọmọ sójà kan láti bárékè, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí mo fi ọdún kan jù lọ. Hausa ni gbogbo wa ń sọ nínú pápá, Hausa náà ni gbogbo alátakò wa ń gbọ́. Bí mo bá pariwo ibi tí mo fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí, mo ti sọ fún ẹni tó fẹ́ gbà á. Ọmọ sójà yìí ló dá a lábàá pé kí a máa fi Yorùbá pe ara wa. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo èmi tí ìyá mi ti ń bẹ̀ láti kékeré pé kí n dá òun lóhùn ní Yorùbá, tí mo ń fi Hausa dá a lóhùn. Mo wá di ẹni tó ń pariwo “Òkè!” àti “Ẹ̀yìn!” láàárín Old GRA.

“Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá wo lẹ sọ yìí?” ọmọ sójà náà á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ṣé inú àwọn ohun èlò ọkọ̀ bàbá yín lẹ ti yọ ọ́ ni? Ó ti dípẹtà!”

Nígbà tí kóòṣì ṣàkíyèsí ohun tí à ń ṣe, kò bínú. Ó ní, “Ó dáa. Kọ́ gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré.” Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò kọ́ wọn. Ọmọ Gwange bi mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Bayarabe, ìgbà wo lo máa kọ́ wa?” Bayarabe ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Hausa. Mo ní, “Lọ́la.” Mo ti gbìyànjú láti wá ìdí tó dára fún un, mi ò rí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ mi pé ẹni méjì péré ló ní in. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; èmi ò ní ibi púpọ̀ tí mo lè pè ní ilé tèmi gan-an nílùú yẹn, mo sì rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀kan ni.

Ọjọ́ ìdíje pé. A ń borí títí eré fi dé ìdajì. Nígbà tí a padà wọ pápá, àwọn alátakò wa yí ọwọ́ padà, wọ́n ń wá ká mi mọ́ láti ìsàlẹ̀ pápá, ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ sókè, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gun tèmi. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fà sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo pariwo “Òkè!”, ọmọ sójà sáré síwájú, bọ́ọ̀lù bá a, ó jù ú sáwọ̀n. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alátakò kò nílò kó gbọ́ Yorùbá kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan ti dúró dè é.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn láti apá òsì. “Ga ni! Ga ni!” Èmi rèé, èmi rèé. Mo yíjú. Ọmọ Gwange dá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, kò sí ẹnikẹ́ni ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Mo rí i, mo gbọ́ ọ, ẹnu mi sì pe ẹlòmíràn. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù náà. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tún ṣẹlẹ̀. Mo ti ka ìwé díẹ̀ nípa bí ẹ̀rù ṣe ń dín ojú ènìyàn kù, mi ò sì sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò bá tèmi mu. Ojú mi kò dín kù. Ẹni tó mọ́ mi lára ni mo yàn.

“Bayarabe, ṣé o ti fọ́jú ni?” ẹnì kan ké láti abẹ́ igi. “Ẹ bá a wá ọ̀pá afọ́jú!” Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn alátakò ti gba iwájú mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí kóòṣì ní kí wọ́n dá eré dúró díẹ̀. Ọ̀gá láti Abuja jókòó sẹ́yìn bẹ́ǹṣì wa, ìwé kékeré lórí itan rẹ̀, ó sún mọ́ wa tó láti gbọ́ ohun gbogbo.

“Apá òsì ṣófo,” kóòṣì wí fún mi. “Kí ló dé?”

“Mi ò gbọ́ ọ, sir,” mo ní. “Kò pè.”

Wọn kò bi mí bóyá ó pè. Èmi ni mo fi kún un.

Kóòṣì yíjú sí ọmọ Gwange. “Ṣé o pè?”

“Mo pè, sir.”

“Ta ló gbọ́ ọ?”

Àwọn tó kù ń mumi, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọmọ sójà tẹ̀ ba, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Mi ò lè búra pé òun náà gbọ́. Ọmọ Gwange wò mí, kò wo ẹlòmíràn. Mo gbé omi sẹ́nu. Kóòṣì ní, “Òfin ni òfin,” ó sì tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kọ. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ Gwange kò padà wọ pápá títí fèrè fi dún. Wọ́n borí wa. Ọ̀gá náà mú ọmọ sójà, ó sì mú ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì. Bí a ṣe ń kó ẹrù, mo lọ bá ọmọ Gwange, mi ò tíì la ẹnu tó fi ní, “Ba komai.” Kò sí nǹkan. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, a kò sì rí i ní pápá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá mi rí i pé mò ń dákẹ́ nílé. Kò bi mí, ṣùgbọ́n ó máa ń pa òwe bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ó yà mí lẹ́nu bí òwe yẹn ṣe tù mí nínú. Ó ń sọ fún mi pé òótọ́ ń bọ̀ fúnra rẹ̀, pé kò sí ohun tí mo ní láti ṣe. Mo dúró dè é. Mo gba ìwé ẹ̀rí, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo padà sílé, òótọ́ kò sì bá ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sínú mi, níbi tí mo fi í sí.

Lọ́dún tó kọjá ni mo lọ sí Gwange. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, fìlà lórí orúnkún rẹ̀. Mo kí i, ó dáhùn, mi ò sì jókòó.

“Ọjọ́ ìdíje yẹn,” mo ní, “mo gbọ́ ọ.”

Ó fa òwú náà dé òpin kó tó sọ̀rọ̀. “Mo mọ̀. Ojú rẹ kọ́kọ́ bà lé mi. Ẹni tí kò gbọ́ kì í yíjú.”

“Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún kóòṣì?”

“Mo sọ pé mo pè. Ọ̀rọ̀ tèmi àti ọ̀rọ̀ tìrẹ ni, tìrẹ ni wọ́n gbà.” Ó tún ki abẹ́rẹ́ bọ fìlà. “Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti sọ fún un?”

Mo ní rárá.

“Ó wà láàyè, Bayarabe. Kí lo wá ń sọ fún mi? Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo lọ sílé kóòṣì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Ara rẹ̀ ti rọ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí mi ò kọ́ wọn. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Mo ń retí kó bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ohun tó sọ ni pé, “Ọmọ yẹn sọ fún mi pé òun pè. Èmi ni mi ò gbà á gbọ́.” Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun gbé bàtà òun.

Mi ò lè sọ pé a rí nǹkan kan tún ṣe lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń gba ẹni tó ti dàgbà tó ọmọ Gwange mọ́. Mi ò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé, bí mo bá ti sọ òótọ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò, ọ̀gá yẹn ì bá mú un; ó lè mú un, ó lè má mú un. Èyí tó dá mi lójú kò pọ̀. Mo rí arúgbó kan tó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ gbígbóná láti ilé rẹ̀ títí dé Gwange, kó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí èmi ṣẹ̀. Mo ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ mi ṣófo, mi ò sì lè sọ fún un pé kó yára, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ fún un pé kó sinmi.