Iṣu Tí Iná Sun

Bí mo bá gbóòórùn iṣu sísun ní àdúgbò Komah, ní Sokodé níbí, oko wa ní Kambolé ni mo máa ń rántí, lọ́sàn-án tí iná ìgbẹ́ jó àká iṣu wa. Màmá ń yọ iṣu nínú eérú gbígbóná, ó ń pín in fún àwọn tó bá wa pa iná.

Àlájà tó múlé tì wá ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, ẹkún dà?"

"Àlájà mi, ká ní èṣí ni, ọrùn mi kì bá tí lè gba irú ẹrù yìí. Ọlọ́run ti rí i pé mo ti dàgbà ni."

Mo jẹun yó, mo ní, "Màmá, ṣé iná á tún wá lọ́la?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu eérú lẹ́nu mi.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé èbù tí a fẹ́ gbìn ni mo jẹ yẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá ti gbé ọkọ́, orin Jésù lẹ́nu rẹ̀, ó ń kọ ebè tí kò tíì ní èbù.