Ọkọ̀ Ni Màmá Wí

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé fóònù kúrò ní etí ọ̀tún lọ sí ti òsì. Mò ń gba ìròyìn lẹ́nu ẹnì kan ní Mowe lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọlé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Mo yí fóònù padà, ohùn rẹ̀ já gaara, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fọgbọ́n jókòó: nípàdé o, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, màá rí i pé òsì mi ni àwọn èèyàn wà. Mo tilẹ̀ rò pé ọgbọ́n ńlá ni.

Ìyàwó mi kò kà á sí ọgbọ́n. "Dádì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí."

Mo ní ariwo títì márosẹ̀ ni.

"Ṣé inú yàrá wa ni tírélà ń gbà kọjá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Akọ̀ròyìn ni mí, etí ni mo fi ń jẹun. Ta ni yóò lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé irinṣẹ́ òun ti bàjẹ́? Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo ti fi òwe náà parí ìròyìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ẹlòmíì ni mo sì máa ń fi bá wí.

Ọdún mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Ibafo. Wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ kúrò kí n tó débẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, bàtà ọmọ rẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò kan ti sọ fún mi pé òun gbọ́ tí obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ ń jiyàn lánàá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Tírélà méjì ń kọjá lọ. Màmá ní, "Ọkọ̀ ló pa ọmọ mi."

Ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ló ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ. Etí mi kò gbé e. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọkọ ló pa á. Ọ̀rọ̀ náà kò dá mi lójú tán, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ tún un sọ" ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n tún un sọ ti jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́, ojú sì ń tì mí. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kárí orí Wàsáàpù.

Bíríkìlà ni ọkọ obìnrin náà. Ibi iṣẹ́ ló wà ní Mowe nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ bá a, tí wọ́n lù ú débi pé kò lè dìde. Àwọn àna rẹ̀ kò jẹ́ kó débi ìsìnkú. Wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, màmá ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ọkọ̀ ni mo wí. Ọkọ̀ tó gbá a tó sá lọ. Ìwọ lo sọ ọ́ di ọkọ. Àbí o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí lo wá gbọ́ nígbà náà?"



A tún ìròyìn náà kọ, a tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Màmá ń sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ọkọ̀ ni. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló dà á lórí rú, pé ìwé ìròyìn kò lè ṣàdédé kọ irú rẹ̀. Nígbà tí mo wá lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí, dókítà ní ká ní mo tètè wá ni, àwọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́ta gbáko, àbùkù mi ni mo fi ìmọ̀ náà bò.

Bíríkìlà ti kó lọ sí Ifo. "Ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ kò ka tìkejì, sà," ló sọ fún mi. Ní báyìí, bó bá ti rí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ó máa ń pè mí. Màá lọ dúró níwájú ẹni náà, màá ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. N kò gbọ́ràn dáadáa, mo sì fi pamọ́. Ọkùnrin yìí kò pa ìyàwó rẹ̀." Àwọn kan máa ń gbà. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan ní Ibogun fún wa lómi mu, ó gbọ́ mi dópin, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti rí bíríkìlà míì. Èmi àti bíríkìlà tí a jọ lọ rìn dé ojú títì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, ó ní kí n má bínú pé òun ń yọ mí lẹ́nu, pé òun á tún pè mí tí òun bá rí ẹlòmíì.